Ìyá Kàlẹ́ńdà àti Àlàmísì Olósùn

Bí ẹ bá wọ Ṣakí tí ẹ ń béèrè Àsíátù, wọn á bi yín pé Àsíátù wo nínú igba Àsíátù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Kàlẹ́ńdà lẹ̀ ń wá, ọmọ tí kò tíì bọ́jú òwúrọ̀ á dìde, á mú yín gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò, á sì na ìka sí àpáta pẹrẹsẹ kan. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni orúkọ ọ̀hún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ fẹ́ kó dùn ún ni. Àsíátù gbà á lọ́wọ́ wọn, ó wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù, ó sì bá a mu.

Kí á tó dé orí àpáta, ẹ jẹ́ kí á ti Kùmásì bọ̀. Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí Àsíátù sí. Àwo tánńganran ni bàbá rẹ̀ ń tà níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè-Ògùn ṣe ń ṣòwò ní Gánà láyé ìgbà náà. Ọjọ́ wá dé tí ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kó ẹrù wọn kúrò, wọ́n sì dá ọjọ́ fún wọn. Bàbá Àsíátù kò mọ̀wé. Ọjọ́ ọjà ló fi ń ka tirẹ̀. Àsíátù, tó ti ń lọ sílé-ìwé, wo kàlẹ́ńdà lára ògiri onílé wọn, ó sáré wọlé.

"Bàbá, ọ̀la lọjọ́ pé o!"

Bàbá rẹ̀ ń fi koríko gbígbẹ di àwo sínú àpótí, jẹ́jẹ́, kó má baà fọ́. "Ta ló bi ọ́? Ọmọdé kì í kajọ́ fún àgbà. Ọjà kan ṣì wà níwájú wa."

Ọjà tó wà níwájú kò bá wọn níbẹ̀. Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dé. Aṣọ ọrùn wọn ni wọ́n fi jáde, àwo tó kún ilé di ti ẹni tó bá wà nítòsí. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ wálé, bàbá rẹ̀ kò la ẹnu títí wọ́n fi wọ ilẹ̀ Dàhòmì. Níbẹ̀ ló ti bojú wo ọmọ rẹ̀. "O sọ ọ́," ló wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tún un sọ mọ́ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n Àsíátù di ọ̀rọ̀ kékeré yẹn mọ́ ìdí aṣọ. Ó ní kò ní í sí ọmọ lábẹ́ ọwọ́ òun tí kò ní í mọ ọjọ́ tí ayé wà, kò sì ní í sí àgbà tí yóò pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ó ka ìwé mẹ́fà parí ní Ṣakí. Ó fẹ́ Ràmọ́nì, awakọ̀ akẹ́rù tó jẹ́ pé títì ló ń gbé ju ilé lọ. Nígbà ìjọba alágbádá, kí àwọn ṣọ́jà tó padà dé, ó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ níwájú agbo ilé. Àwọn ìyá tó ń lọ sóko, àwọn tó ń lọ sọ́jà, wọn a já ọmọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé sinmi lóòótọ́. Àsíátù ni kò sinmi.

Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ó tú àpò sìmẹ́ǹtì, ó na ojú funfun rẹ̀ síta, ó fi èédú fa ilà sí i títí ó fi di ilé kéékèèké bí afárá oyin, ó sì kàn án mọ́ òpó àtíbàbà. Ilé kan, ọjọ́ kan. Láràárọ̀, ọmọ tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ti àtàǹpàkò bọ inú ẹ̀lú tí ìyá Àsíátù fi ń paró, á sì tẹ̀ ẹ́ sí ilé ọjọ́ náà. Ìjà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

"Èmi ni ìkínní!"

"Irọ́ ni! Èmi ni mo ṣe ìkínní, ìwọ lo tì mí lẹ́nu ọ̀nà!"

"Ẹni tó ti ẹnì kejì rẹ̀ ló ń ṣe ìkẹyìn," Àsíátù á wí. "Ìkẹta, wá tẹ̀ ẹ́. Ìkínní àti ìkejì, ẹ lọ mú ìgbálẹ̀."

Ó tún sọ àwọn ọmọ di ọjọ́. Ọmọ kan ń jẹ́ Àtìní, ọ̀kan Àtàlátà, ọ̀kan Àlàrùba. Ràsáàkì olórí ńlá ni Jímọ̀. Wọn a tò, ọ̀sẹ̀ a sì máa rìn yí àtíbàbà ká, tàgbà tèwe tó ń kọjá á dúró wòran. Bí ibà bá dá ọjọ́ kan dùbúlẹ̀, wọn a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì máa kọrin pé ọ̀sẹ̀ ń tiro. Ẹni tó ń jẹ́ Àlàmísì láàárín wọn ni Fàtímọ̀, ọmọ Àwáwù alágbàdo. Ọmọ náà kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tó ti akígbe ọjà.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kan wọlé lásìkò òjò, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí Ìtúnu máa dé. Ràmọ́nì ti ra kàlẹ́ńdà kan bọ̀ láti Ìbàdàn, ó láwòrán ọkọ̀ ńlá lókè. Àsíátù ṣí i wò. Wọ́n fi pupa tẹ ọjọ́ Ìtúnu. Àlàmísì ni.

"Ọjọ́ mi lọdún!" Fàtímọ̀ pariwo. "Ẹ gbọ́ o! Ọjọ́ mi lọdún bọ́ sí!"

Inú Àsíátù dùn débi pé ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó po osùn díẹ̀, ó ní kí Fàtímọ̀ tẹ ilé Àlàmísì yẹn sílẹ̀ ní pupa lórí àpò sìmẹ́ǹtì, kí ọjọ́ náà tó dé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ilé tí àwọn ọmọ kò ti sọ ọ́. Àwọn ìyá wọn gbà á. Ṣé ọjọ́ tí àwọn ọmọ yìí bá dá, kì í yẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àlàrùba tó ṣáájú Àlàmísì olósùn, òjò ṣú láti ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́, Àlùfáà Ọ̀ṣẹ́nì, àbúrò bàbá Àsíátù, òun àti àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí dúró síta, wọ́n na ọrùn títí, àwọsánmà kò ṣí. Rédíò ní wọn kò rí oṣù níbì kankan. Wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí pé ilẹ̀ ọ̀la ṣì máa bá wọn nínú ààwẹ̀. Àsíátù gbọ́ ìkéde náà. Ó fẹ́ sáré lọ sọ fún ilé kọ̀ọ̀kan, òjò sì rọ̀ bí ẹni fi garawa dà á. Ní ìkángun àdúgbò, lábẹ́ páànù tó ń dún gbàmùgbàmù, Àwáwù kò gbọ́ ìkéde kankan. Ó ti dúńbú àkùkọ rẹ̀.

Ojúmọ́ Àlàmísì mọ́. Àwáwù kò jẹ sààrì. Ó mu ẹ̀kọ tirẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn yọ, ó fi itan àkùkọ sin ín lọ, ó wọ aṣọ tuntun fún Fàtímọ̀, ó sì jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé ni Àlùfáà Ọ̀ṣẹ́nì.

"Bàbá Àlùfáà, ẹ kú ọdún o! Ẹ kú ìyèdún! Ẹ̀mí á ṣèyí ṣàmọ́dún!"

Àlùfáà wo ẹnu rẹ̀. Epo ń dán níbẹ̀. Àwọn tó ń gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú ètè gbígbẹ dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kó tó di ìyálẹ̀ta, ilé mìíràn tó ṣe irú ẹ̀ ti ń farahàn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ onífìlà tuntun sì kún títì tí wọ́n ń kí àwọn aláàwẹ̀ kú ọdún.

Àlùfáà Ọ̀ṣẹ́nì kò wọlé. Ọ̀dọ̀ Àsíátù ló forí lé, àwọn ọmọ sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Àsíátù!"

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ láàdá."

"Láàdá wo? Ṣé ìwọ kò ti ṣọdún tìrẹ? Ta ló sọ ọ́ di lèmọ́mù?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Mo ṣì í. Ìwé ni mo wò, mi ò wòkè. N ó lọ láti ilé dé ilé, n ó bẹ gbogbo wọn."

"Ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́. Já ìwé yẹn wálẹ̀. Dáná sun ún lójú mi."

"Èyí tí wọ́n tẹ̀ n'Íbàdàn ni, àbí èyí tí àwọn ọmọ tẹ̀?"

"Àtèyí àtọ̀hún! Àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ìdí wọn nù ló ń dá ọjọ́ ẹ̀sìn fún ìlú!"

Àsíátù wo àpò sìmẹ́ǹtì náà. Ìka àwọn ọmọ wà lára rẹ̀, ìka ẹ̀lú, kékeré kékeré, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Igun rẹ̀ kan ti ń já kúrò lára òpó.

"Bàbá," ó ní, "ẹni tó ṣìnà kì í gé ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ nù. Ẹ̀yìn ló ń padà sí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìṣó kan nílẹ̀. Ó mú òkúta. Ó na igun tó ń já bọ́ yẹn mọ́ òpó, ó sì gbé òkúta sókè.

Gbà!

"Ìkínní!" Fàtímọ̀ ló pariwo, nínú aṣọ ọdún rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀kọ́ ni.

Gbà!

"Ìkejì!" Gbogbo wọn ló gbè é báyìí.

Gbà!

"Ìkẹta!"

Ìṣó wọlé. Irùngbọ̀n Àlùfáà ń gbọ̀n. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Ó dáa. Àtíbàbà yìí, ọwọ́ mi ló wà látìgbà tí bàbá rẹ ti kú. Lọ́la, bí mo bá ń lọ sí Yídì tí mo sì tún rí ìwé kankan lára òpó yìí, n ó dìde lójú gbogbo ayé, n ó sọ pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jókòó síbí mọ́. Mo ti wí."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Òpó lẹ máa rí. Ẹ máa rí ìwé náà pẹ̀lú."

Ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Àlùfáà lọ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe nítorí àtíbàbà. Ọ̀rọ̀ Kùmásì ló ń dún létí rẹ̀. Lọ́jọ́ sí, òun sọ òótọ́, wọn kò gba òun gbọ́. Lónìí, wọ́n gba àwọn ọmọ òun gbọ́, òun ló sì fi irọ́ sí wọn lẹ́nu. Láti òní lọ, ta ni yóò tún gbọ́ tọmọdé?

Ó gbéra, ó lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n sọ tẹnu wọn sí i, ó sì gbà á. Bó ṣe padà dé ni Àwáwù dé, ó so gèlè mọ́ ìdí bí ẹni ń bọ̀ wá jà.

"Ìyá Kàlẹ́ńdà! Àkùkọ mi dà?"

"Inú yín ló wà, Ìyá Fàtímọ̀."

Àwáwù la ẹnu láti bú u. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Má pa mí lẹ́rìn-ín! Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Mo ti na Fàtímọ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ tún dárúkọ ọjọ́ fún mi nínú ilé mọ́."

Èyí ló dun Àsíátù ju gbogbo ọ̀rọ̀ Àlùfáà lọ. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá Fàtímọ̀, ẹ nà mí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ bú mi, ẹ gba àkùkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́." Ó wá sọ ọ̀rọ̀ Kùmásì fún un, àti ti àwo inú koríko, àti ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nínú ọkọ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí.

Àwáwù tú gèlè ìdí rẹ̀. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Ìwé yẹn ńkọ́? Ṣé ó purọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀. Òjò ti dá. Ẹ jẹ́ kí á lọ wò ó."

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, Àsíátù kó àwọn ọmọ tó rí gun àpáta ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ìkínní ń fa ìkejì, ìkejì ń fa ìkẹta. Bàbá Àdìgún, ògbólógbòó ọdẹ tó jẹ́ pé Ògún lòun ń sìn ní tirẹ̀, ti jókòó síbẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ ríro. Àwọsánmà là. Oṣù wà níbẹ̀, ó tẹ̀ bí dòjé, ó sì mọ́lẹ̀ kedere.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" Bàbá Àdìgún ní. "Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn, ṣé èyí lẹ̀ ń pè ní oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé? Oṣù tó ti ní ìdí báyìí? Ó ti sun oorun kan lójú ọ̀run kí ẹ tó rí i!"

Àwáwù fò dìde. "Ó wà níbẹ̀ lánàá! Àbẹ́ẹ̀ rí i? Àkùkọ mi kò kú lásán! Ẹ jẹ́ kí n lọ pe Àlùfáà wá!"

"Rárá." Àsíátù di aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ̀sìn ní kí ojú rí i. Ojú kò rí i. Àwọn náà jàre." Ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Ìwé ní ó wà níbẹ̀. Ojú ní òun kò rí i. Ẹ ó mọ ti ìwé, ẹ ó sì mọ ti ojú. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tàn jẹ. A kò sì ní í tẹ ọjọ́ tí kò tíì dé mọ́. Èmi ni mo fi yín ṣe é."

Fàtímọ̀ ń sunkún. "Ọjọ́ mi kọ́ lọdún mọ́. Ti Ràsáàkì ni."

"Ọjọ́ tìrẹ ni ààwẹ̀ fi pé," Àsíátù ní. "Bí o kò bá dúró síbi tí o wà, báwo ni Jímọ̀ ṣe fẹ́ dé? Kó fò ọ́ lórí ni?"

Ọmọ náà rò ó, ó wo orí ńlá Ràsáàkì, ó sì nu imú.

Kó tó di àárọ̀, Àsíátù ti tú àpò sìmẹ́ǹtì mìíràn. Ọjọ́ oṣù ojú ọ̀run ló fà sí i, ṣùgbọ́n kò kọ nọ́ńbà sí ilé ìgbẹ̀yìn rẹ̀, àfi bí ojú bá rí oṣù tuntun. Ó kàn án sí ẹ̀gbẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Àlùfáà Ọ̀ṣẹ́nì ń kọjá lọ sí Yídì pẹ̀lú agbádá funfun, ìwé kan tó ní òun kò fẹ́ rí ti di méjì.

Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Lẹ́yìn ìrun ọdún, ó dìde, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Láàárín àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn, Àsíátù náà dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Bàbá, ẹ kú ọdún. Àtíbàbà ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ gbà á, mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ ni àpáta. Ní Àtìní, orí rẹ̀ ni n ó wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ ọjọ́, kó mú un wá."

"Obìnrin yìí mà láyà o!" "Ìyá Kàlẹ́ńdà, jókòó!" "Olórí kunkun!" Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó wù ú ló tó jókòó.

Ní Àtìní, ó ti wà lórí àpáta kí ìrì tó gbẹ. Ó fi ẹfun fa ilé ọjọ́ sára òkúta, gbàgàdà, débi pé ọmọ lè dúró sínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó. Oòrùn gòkè. Àwọn ìyá ń kọjá nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń wòkè, wọ́n ń lọ. Bàbá Àdìgún kí i láti ọ̀ọ́kán pé, "Tíṣà òkúta, ṣé aláǹgbá lo fẹ́ kọ́ ni?" Ó tún ilà kan fà. Kò sì dìde.

Ó wá gbọ́ ohùn kan tó tó ti akígbe ọjà. "Èmi ni ìkínní! Kò tíì sí ẹnì kankan! Èmi ni ìkínní!"

Àwáwù ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó káṣọ sókè, ó gbé ẹní lórí, àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà sì dúró nísàlẹ̀ láti wo ẹni tó tún fẹ́ dójú ti ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwáwù dúró lórí àpáta. Ó rí wọn. Ó gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́.

"Fàtímọ̀! Ọjọ́ wo lòní?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo Àsíátù. Ó ṣì rántí ẹgba. Àsíátù kò mi orí, kò mi ètè. Fàtímọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Jímọ̀ ọdún, ó ń fò láti ilé ẹfun kan sí èkejì, ó dúró.

"Àtìní ni, ìyá mi. Ọjọ́ kẹrin tí oṣù wọlé."

"O sọ ọ́," Àwáwù ní. Ó tẹ́ ẹní. "Ó tó mi. Èmi ń lọ sọ́jà."

Àsíátù yíjú sẹ́yìn, ó ń wá ẹfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó tún wo iwájú, Ràsáàkì ti ń gun àpáta bọ̀, ọmọ méjì mìíràn sì ń tì í láti ẹ̀yìn.

Òjò a máa fọ ẹfun náà dànù. Wọn a tún un fà. Ohun tí òjò ń fọ̀ lára àpáta, kò rí i fọ̀ lórí àwọn ọmọ. Àlùfáà Ọ̀ṣẹ́nì kò bẹ Àsíátù, Àsíátù kò sì bẹ̀ ẹ́ nítorí àpáta. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà mọ́ṣáláṣí gbà kọjá, ẹsẹ̀ Àlùfáà a sì máa falẹ̀ bó bá débẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àsíátù kúnlẹ̀ kí i láti òkè, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ dáadáa.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ kẹwàá oṣù Ògọ́ọ̀sì o!"

Àlùfáà dúró. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ṣàwálì ni, aláìgbọràn!"

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ?" Àsíátù yí sí wọn, eyín rẹ̀ funfun. "Ta ni ìkínní lónìí? Mú ẹfun. Kọ ti Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ tiwa."